Omi Aró Tí À Ń Dà Nù: Ibo Ni Aró Inú Rẹ̀ Ń Lọ?

(Ọ̀rọ̀ tí olùbẹ̀wò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé olóṣù mẹ́ta)



Púpọ̀ nínú yín ni ó mọ̀ wá gẹ́gẹ́ bí ẹni tí í máa wá yẹ ìwé owó wò. Bí wọ́n bá ti gbọ́ ìró alùpùpù wa báyìí, akápò a ti máa wá kọ́kọ́rọ́ àpótí kiri. Lónìí, ìwé owó kọ́ ni a bá wá. Omi ni a bá wá: omi tí ẹ fi pa aṣọ láró, èyí tí ẹ fi fọ̀ ọ́, tí ẹ sì dà sí gọ́tà. A fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe lè yọ aró kúrò nínú rẹ̀ kí ó tó dé ibi tí ẹlòmíràn yóò ti fi igbá bù ú. Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe aláró, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sùn. Ẹgbẹ́ ẹlẹ́pọ wà níhìn-ín, ẹgbẹ́ ọlọ́ṣẹ wà níhìn-ín, kò sì sí ìkankan nínú yín tí kì í da omi nù.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ẹ̀bi tiwa. Ẹgbẹ́ aláró kan wà ní agbègbè tí a ń bẹ̀wò. A kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn mọ ara wọn, a kò sì wá láti dójú ti ẹnikẹ́ni. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn ni wọ́n kọ̀wé sí wa pé àwọn fẹ́ mú lára owó ìpamọ́ ẹgbẹ́ láti fi mọ kòtò oníkọnkéré kan, kí àwọn sì máa ra álọ́ọ̀mù tí yóò máa mú omi aró tòrò. Inú wa dùn sí i. A yẹ iye owó rẹ̀ wò, ó tọ́. A yẹ àwọn rìsíìtì wò, wọ́n pé. A fọwọ́ sí i. Nígbà tí a padà lọ ní ọdún kejì, ìṣirò wọn bára mu dórí kọ́bọ̀. Omi tí ń jáde láti inú kòtò náà mọ́ gaara. A bù ú sínú ife gíláàsì, a gbé e sókè sí oòrùn, a fi han alága, a sì kọ ọ̀rọ̀ ìyìn nípa rẹ̀ sínú ìròyìn tí a fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì.

Ohun kan ni a kò béèrè. A kò béèrè pé gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tí ń sùn sí ìsàlẹ̀ kòtò náà, ta ní ń kó o, ibo ni ó sì ń kó o lọ. Ẹ̀yìn ọgbà ni wọ́n ń kó o sí, bí ẹni da ilẹ̀ nù. Ní òjò ọdún kẹta, kànga ìyá àgbà kan tí ilé rẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀ ọgbà náà bẹ̀rẹ̀ sí í mú omi aláwọ̀ aró wá. Ọmọ ìyá náà jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́. Ọwọ́ tí ó pa aṣọ láró náà ni ó ń ti ọ̀nà jíjìn ru omi wá fún ìyá rẹ̀ mu. Ìwé tí ó fi àṣẹ sí iṣẹ́ náà ń bẹ nínú fáìlì títí di òní, orúkọ wa ni ó sì wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Nítorí náà ni a ṣe lọ kọ́ ẹ̀kọ́ tí ó yẹ kí a ti kọ́ kí a tó fọwọ́ sí ìwé. Ohun tí a rí kọ́ kò ní ṣòro fún akápò kankan láti yé: aró tí a yọ kúrò nínú omi kò sọnù. Ó ṣí kúrò ní ojú ewé kan lọ sí ojú ewé mìíràn ni. Ẹni tí ó bá wá sọ fún yín pé òun ní oògùn tí ń mú aró pòórá, ẹ bi í léèrè pé ojú ewé wo ni òun yóò kọ ọ́ sí.

ARÓ ÀTIJỌ́ ÀTI ARÓ ÒDE ÒNÍ

Ní ayé àwọn ìyá wa àgbà, ewé èlú ni wọ́n ń gún, tí wọ́n ń sá gbẹ, tí wọ́n sì ń rẹ sínú omi eérú fún ọjọ́ púpọ̀. Ní 1856, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, William Henry Perkin, tí kò ju ọmọ ọdún 18 lọ, ń wá bí òun yóò ṣe ṣe kúnínì, oògùn ibà, ní Lọ́ńdọ̀nù. Kò rí kúnínì ṣe, ṣùgbọ́n ó ṣèèṣì rí àwọ̀ elésè àlùkò kan. Láti ìgbà náà ni àwọn onímọ̀ ti ń fi ọ̀dà èédú ilẹ̀ ṣe oríṣiríṣi àwọ̀. Ní 1897, ilé-iṣẹ́ BASF ti ilẹ̀ Jámánì gbé aró àtọwọ́dá tí ó rí gẹ́lẹ́ bí aró èlú jáde sí ọjà. Nígbà tí ó yá, ó dé ọ̀dọ̀ wa, òun àti kọ́sítíìkì, nítorí pé wọ́n yá ju omi eérú lọ.

Ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta lè ti gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà pé ní 1936, Aláké Adémọ́lá Kejì fi òfin de aró àtọwọ́dá àti kọ́sítíìkì, àwọn obìnrin aláró sì kọ̀ jálẹ̀ títí a fi ká òfin náà kúrò. Ọ̀rọ̀ aṣọ ni ìjà ọjọ́ náà dá lé lórí, bóyá ó ń gbó kíákíá àti bóyá àwọ̀ rẹ̀ ń ṣí. Ọ̀rọ̀ omi kọ́.

Lónìí, oríṣi aró méjì ni ó pọ̀ jù lọ nínú ìkòkò yín. Èkíní ni èyí tí ẹ ń fi kọ́sítíìkì àti háídrò pò. Èkejì ni èyí tí ẹ ń fi iyọ̀ àti sódà pò, tí ó máa ń mú àwọ̀ títàn yòò wá, tí ilé-iṣẹ́ ICI ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ gbé irú rẹ̀ jáde ní 1956. Ẹ fi ìyàtọ̀ méjèèjì yìí sọ́kàn, nítorí ohun tí ó bá èkíní mu kò bá èkejì mu, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ owó ẹgbẹ́ ti ń ṣòfò.

Kí ni omi yìí ń ṣe níbi tí ó ń lọ? Àwọ̀ rẹ̀ kì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ oòrùn wọ inú odò, ewéko inú omi kò sì ní lè ṣiṣẹ́. Kọ́sítíìkì ń jó ara ẹja. Háídrò, àti ẹ̀kọ láfún tí ẹ̀yin oní-àdìrẹ ẹlẹ́kọ ń fọ̀ kúrò lára aṣọ, ń jẹ afẹ́fẹ́ tí ẹja ń mí nínú omi. Òwe wa wí pé ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù, ṣùgbọ́n omi aró kì í dúró de ẹni tí ó dà á. Odò Ògùn tí ó gba Abẹ́òkúta kọjá ń ṣàn lọ sí Akúté, níbẹ̀ ni wọ́n sì ti ń fa omi lọ sí ilé omi Ìjù àti Àdìyàn fún àwọn ará Èkó.

OHUN TÍ AFẸ́FẸ́ LÈ ṢE

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí aró oníkọ́sítíìkì, nítorí pé ẹ̀yin ìyá wa ti mọ oògùn rẹ̀ tipẹ́, ẹ kò kàn pè é ní oògùn ni. Aṣọ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú ìkòkò aró kì í dúdú. Ó máa ń rí bí àwọ̀ ewé tàbí bí àwọ̀ ìyeyè. Bí ẹ bá nà án sórí okùn tí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i ni ó ń di aró. Háídrò ni ó ti yọ́ aró náà sínú omi. Afẹ́fẹ́ ni ó tún sọ ọ́ di ẹ̀tù tí kò lè yọ́ mọ́, tí ó sì há sínú òwú.

Ohun kan náà ń ṣẹlẹ̀ nínú omi tí ẹ dà nù. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí i dáadáa, aró tí ó kù nínú rẹ̀ yóò di ẹ̀tù, ẹ̀tù yóò sì sùn sí ìsàlẹ̀. Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí ẹ nílò kò tíì tó owó rárá. Ẹ da omi ìkòkò tí ó ti ṣá sínú kòtò oníkọnkéré tí kò jìn, ẹ fi ọ̀pá pò ó tàbí kí ẹ jẹ́ kí ó máa já láti orí àtẹ̀gùn kọnkéré kan sí òmíràn, kí ó lè máa gba afẹ́fẹ́, lẹ́yìn náà ẹ jẹ́ kí ó sùn mọ́jú. Ní òwúrọ̀, ẹ fa omi òkè kúrò pẹ̀lú sùúrù.

Ẹ̀tù aró tí ó kù nísàlẹ̀ yẹn, bí ẹ kò bá da àwọ̀ mìíràn pọ̀ mọ́ ọn, tí ẹ kò sì tíì fi álọ́ọ̀mù sí i, aró tí ẹ ti fi owó rà ni. A lè tún un pò pẹ̀lú kọ́sítíìkì àti háídrò, kí a sì dá a padà sínú ìkòkò. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tí ń pa aṣọ jíìnsì láró ń fi ẹ̀rọ ṣe irú rẹ̀, wọ́n ń sẹ́ aró padà láti inú omi ìfọṣọ. Nínú gbogbo ọ̀nà tí a ó sọ lónìí, èyí nìkan ni ó ń kọ aró padà sí ojú ewé ọjà tí ó wà nílé, kì í ṣe ojú ewé àdánù.

A gbọ́dọ̀ kìlọ̀ níhìn-ín. Omi òkè tí ẹ fà kúrò ṣì ní kọ́sítíìkì nínú, ó ṣì ń jó ọwọ́. Lórí òṣùwọ̀n tí àwọn onímọ̀ fi ń wọn omi, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní òdo tí ó parí sí 14, omi tí kò kan tí kò sì korò wà ní 7, omi ìkòkò aró a máa ju 12 lọ, bẹ́ẹ̀ ni a sì ń fẹ́ kí omi wà láàrin 6 sí 9 kí a tó tú u sílẹ̀. Bébà ìdánwò kékeré kan tó láti fi mọ̀ ọ́n. Ásíìdì ni a fi ń rọ̀ ọ́, díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe da ásíìdì sínú omi tí háídrò ṣì wà nínú rẹ̀! Èéfín imí ọjọ́ ni yóò jáde, ó sì lè fún ènìyàn lọ́fun pa. Ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ tirẹ̀, kí ẹ sì ṣe é ní ìta gbangba, kì í ṣe nínú yàrá.

ÁLỌ́Ọ̀MÙ ÀTI ÈÉDÚ

Gbogbo wa ni a mọ álọ́ọ̀mù. Àwọn òbí wa ń fi í sínú àmù ní ìgbà òjò kí omi odò lè tòrò. Ohun tí ó ń ṣe ni pé ó ń kó àwọn ẹ̀tù kéékèèké jọ di ìdì, ìdì náà yóò wúwo, yóò sì sùn. Ó dára fún ẹ̀tù aró oníkọ́sítíìkì tí kò fẹ́ sùn fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò lè ṣiṣẹ́ dáadáa nínú omi tí kọ́sítíìkì inú rẹ̀ kò tíì rọ̀. A ti rí ibi tí wọ́n ti ń da álọ́ọ̀mù odidi àpò sínú irú omi bẹ́ẹ̀ tí kò sì sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ju pé owó tán.

Bí a ṣe ń mọ ìwọ̀n rẹ̀ nìyí, kò sì gba ìwé kíkà. Ẹ wá ìgò mẹ́fà tí ó dọ́gba, kí ẹ rọ omi aró kan náà sí gbogbo wọn. Ẹ má fi nǹkan kan sí àkọ́kọ́. Ẹ fi ṣíbí tíì omi álọ́ọ̀mù kan sí èkejì, méjì sí ẹ̀kẹta, títí dé orí ẹ̀kẹfà. Ẹ mì wọ́n, kí ẹ wá gbé wọn kalẹ̀ fún bí wákàtí kan. Ìgò tí ó kọ́kọ́ tòrò, tí álọ́ọ̀mù inú rẹ̀ sì kéré jù lọ, òun ni ìwọ̀n yín. Èyí tí ó bá ju ìyẹn lọ ń sọ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ di púpọ̀ lásán ni, ẹ̀yin kan náà ni ẹ ó sì wá ibi tí ẹ ó kó o sí.

Ní ti aró oníyọ̀ àti sódà, ọ̀rọ̀ di òmíràn. Aró yìí ń so mọ́ òwú bí ìgbà tí a fi ìṣó kàn án mọ́ ọn, ìdí nìyẹn tí kì í fi ṣí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ó ń so mọ́ òwú. Nígbà mìíràn, ìdajì aró tí a rà ni ó ń bá omi lọ. Bí iṣẹ́ bá dára, ìdá kan nínú mẹ́wàá. Èyí tí ó bá sì ti bá omi so kò tún lè so mọ́ aṣọ mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò ní sùn bí a tilẹ̀ fi í sílẹ̀ fún oṣù kan. Afẹ́fẹ́ kò ràn án. Álọ́ọ̀mù kò fi bẹ́ẹ̀ ràn án. Nítorí náà, ìtọ́jú rẹ̀ àkọ́kọ́ ni kí ẹ má jẹ́ kí ó pọ̀ nínú omi: kí ẹ wọn aró, iyọ̀ àti sódà dáadáa, kí ẹ sì fún aṣọ ní àkókò tí ó tó. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ojú wọn aró, owó ni ẹ ń dà sí gọ́tà.

Èyí tí ó bá kù, èédú ni a fi ń mú un. Kì í ṣe èédú ìdáná. Èédú tí a fi èèpo èkùrọ́ tàbí èèpo àgbọn ṣe, tí a sì fi ooru omi gbígbóná gan-an tàbí ásíìdì ṣí ihò ara rẹ̀, ni a ń wí. Ihò inú rẹ̀ pọ̀ débi pé bí a bá lè tẹ́ inú gíráàmù mẹ́wàá rẹ̀ sílẹ̀ pẹrẹsẹ, ó lè bo pápá bọ́ọ̀lù kan. Ara ihò wọ̀nyí ni aró ń lẹ̀ mọ́. Èkùrọ́ kò wọ́n wa ní ilẹ̀ yìí, ẹ̀yin ẹgbẹ́ ẹlẹ́pọ sì ń da èèpo rẹ̀ nù. Ẹ̀yin àti àwọn aláró lè jọ ní ọ̀rọ̀ sọ. Ṣùgbọ́n èédú yìí a máa yó. Bí ó bá ti yó, kò ní gba aró mọ́, ó sì di ẹrù tí a gbọ́dọ̀ mọ ibi tí a ń gbé e lọ.

Àwọn kan ń sọ fún wa pé àwọn ti rí ọ̀nà àbùjá: wọ́n ń da omi ìfọṣọ oníkiloríìnì sínú omi aró, àwọ̀ rẹ̀ sì ń lọ lójú ẹsẹ̀. Òótọ́ ni, àwọ̀ ń lọ. Ohun tí ó ń fọ́ sí kò lọ. Kiloríìnì ń so mọ́ àfọ́kù aró náà, àwọn ohun tí ó ń jáde lára rẹ̀ sì lè burú ju aró tí ẹ fi ojú rí lọ. Bákan náà ni pẹ̀lú àwọn kòkòrò kéékèèké tí ojú kò lè rí, tí a lè fi sínú kòtò tí a bò kí wọ́n máa jẹ aró. Wọ́n ń jẹ ẹ́ ní tòótọ́. Ṣùgbọ́n nínú àwọn aró kan, àfọ́kù tí wọ́n ń fi sílẹ̀ nínú kòtò tí kò ní afẹ́fẹ́ jẹ́ irú èyí tí ń fa jẹjẹrẹ. Láti 1895 ni dókítà ará Jámánì kan, Ludwig Rehn, ti ṣàkíyèsí jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀ lára àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ aró ní Frankfurt. Ní 2002, àwọn orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù fi òfin de àwọn aró tí ń fọ́ sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lára aṣọ tí ń kan awọ ara. Bí a bá fẹ́ lo àwọn kòkòrò náà, a gbọ́dọ̀ ní kòtò kejì tí afẹ́fẹ́ ń wọ̀ dáadáa, kí òmíràn nínú wọn lè jẹ àfọ́kù náà tán. Iṣẹ́ tí ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ tọ̀sán tòru nìyẹn, a kò sì ní gba ẹgbẹ́ kékeré kankan níyànjú láti fi í bẹ̀rẹ̀.

OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀ NÍ TIRUPUR

Ìlú kan wà ní gúúsù ilẹ̀ Íńdíà tí ń jẹ́ Tirupur, ìlú àwọn ahunṣọ àti aláró ni. Odò tí ó gba ibẹ̀ kọjá ni Noyyal. Nígbà kan rí, ilé aláró ibẹ̀ ju ọgọ́rùn-ún méje lọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ilé kéékèèké. Gbogbo wọn ń da omi sí odò kan ṣoṣo. Ìjọba ti mọ ìsédò kan sí ìsàlẹ̀, ní Orathupalayam, kí àwọn àgbẹ̀ lè fi bomi rin oko. Iyọ̀ àti aró ni ó kún inú ìsédò náà, àwọn àgbẹ̀ tí a tìtorí wọn mọ ọ́n sì ń bẹ̀bẹ̀ pé kí a má ṣe tú omi rẹ̀ sí oko àwọn. Wọ́n pe ẹjọ́. Ẹjọ́ náà lọ títí dé ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ ní 2009, ní oṣù kìn-ín-ní 2011 sì ni ilé-ẹjọ́ gíga ti Madras pàṣẹ pé kí a ti gbogbo ilé aláró ìlú náà pa, àfi ẹni tí kò bá tún da omi nù mọ́ rárá.

Ẹ ro ó wò: ìlú tí aró ń bọ́, tí a sì ti ìkòkò aró pa.

Ohun tí ó wú wa lórí nínú ọ̀rọ̀ wọn ni ọ̀nà tí wọ́n gbà padà sẹ́nu iṣẹ́. Kò sí aláró kékeré kan tí ó lè dá ẹ̀rọ ra. Ilé ìfọmọ́ omi àpapọ̀, tí àwọn aláró tí ń lò ó jọ ra ìpín nínú rẹ̀, ni wọ́n gbára lé. Páìpù ń kó omi láti ilé kálukú wá síbẹ̀. Wọ́n ń fi kòkòrò jẹ aró inú rẹ̀, wọ́n ń fi ẹ̀rọ tẹ omi náà gba inú awọ tín-ínrín tí iyọ̀ kò lè kọjá, omi mímọ́ sì ń padà sọ́dọ̀ aláró láti tún fi ṣiṣẹ́. Wọ́n tún ń rí púpọ̀ nínú iyọ̀ náà lò padà. Síbẹ̀, iyọ̀ àdàpọ̀ kan wà tí kò ṣeé lò fún ohunkóhun, wọ́n ń dì í sínú àpò, wọ́n ń tò ó pelemọ sínú ilé ìkẹ́rù. Àwọn náà ṣì ní ojú ewé kan tí wọn kò tíì rí nǹkan kọ sí.

OHUN TÍ ÀWA NÁÀ LÈ ṢE

Àwa kò ní owó Tirupur, ẹ̀rọ rẹ̀ kò sì yẹ wá. Ẹgbẹ́ aláró mẹ́rin ni ó wà ní gọ́tà kan náà ní agbègbè yìí, ẹ sì ti mọ̀ pé ní ìpàdé gbogbogbòò tí ń bọ̀ ni ẹgbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò dìbò bóyá kí wọ́n jọ mọ kòtò kan, tàbí kí wọ́n pín èrè ọdún yìí tán. Òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ti sọ pé ìdá kan nínú mẹ́rin èrè gbọ́dọ̀ wọ owó ìpamọ́, ẹnikẹ́ni kò lè pín ìyẹn. Ìyókù ni ìjà wà lórí rẹ̀.

A ti gbọ́ ohun tí àwọn tí ó fẹ́ pín in ń sọ, a kò sì lè sọ pé wọn kò ní òye. Ìyá kan sọ fún wa pé, “Ẹ̀yin ọmọ wa, àdìrẹ ayédèrú tí ẹ̀rọ tẹ̀ ń ti òkè òkun wọlé, ẹni tí ń tà á kò sọ̀rọ̀ omi fún ẹnikẹ́ni. Bí àwa bá fi owó kòtò lé owó aṣọ, ta ni yóò ra tiwa?” Òótọ́ ni ìyá sọ. Kò sí bí a ṣe lè sọ fún un pé kòtò yóò mú owó wá. Aró tí a bá rí dá padà láti inú omi oníkọ́sítíìkì yóò dín ìnáwó kù, ṣùgbọ́n kò ní san gbogbo gbèsè náà.

Bí àwọn ẹgbẹ́ mẹ́rin bá dìbò pé kí a ṣe é, ìmọ̀ràn wa ni èyí. Kí omi aró oníkọ́sítíìkì àti omi aró oníyọ̀ má ṣe pàdé; kòtò méjì, ojú omi méjì. Kí owó tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò máa dá jẹ́ gẹ́gẹ́ bí iye omi tí ó ń dà, nítorí pé bí a bá ní kí gbogbo wọn san bákan náà, ẹgbẹ́ tí ó kéré jù ni yóò máa sanwó omi ẹgbẹ́ tí ó tóbi jù, ìjà yóò sì dé kí ọdún tó yípo. Kí a tẹ́ kọnkéré sábẹ́ ibi tí a ó ti máa sá gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, kí a sì ta páánù sórí rẹ̀, kí òjò má bàa fọ̀ ọ́ lọ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe kó o sí oko, bí ó ti wù kí ó jọ ilẹ̀ dúdú tó. Àwọn kan ń pò ó mọ́ sìmẹ́ńtì láti fi ṣe búlọ́ọ̀kù tí kì í gbé ẹrù. Kí ẹ má ṣe dán an wò láìsí àyẹ̀wò. Àpò ni kí ẹ dì í sí, títí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí ń bójú tó ìdọ̀tí yóò fi sọ ibi tí ó yẹ kí ó lọ, kí ẹ sì gba ìwé lọ́wọ́ wọn.

Àti nínú ìwé owó ẹgbẹ́, kí a ṣí ojú ewé tuntun kan. Ọjọ́ tí a gbá kòtò, iye àpò tí ó jáde, ẹni tí ó gbé e, ibi tí ó gbé e lọ. Láti ọdún yìí lọ, a kò ní fọwọ́ sí ìwé ẹgbẹ́ aláró tí kò bá ní ojú ewé yìí. A ti sọ fún ọ́fíìsì bẹ́ẹ̀, a sì ń sọ ọ́ fún yín kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé a ká òun mọ́ lójijì.

Ẹgbẹ́ tí a fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ wa ti kó gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kúrò lẹ́yìn ọgbà, wọ́n sì ti fi owó ẹgbẹ́ fa omi ẹ̀rọ dé ẹnu ọ̀nà ìyá àgbà náà. Kànga rẹ̀ ṣì wà ní dídé. Ó ní òun kò fẹ́ omi ẹ̀rọ, omi kànga tí ọkọ òun gbẹ́ ni òun fẹ́. Ọmọ rẹ̀ wà láàrin wa níbí lónìí, òun ni ó sì kọ́kọ́ ní kí a wá sọ ọ̀rọ̀ yìí.

Lẹ́yìn oúnjẹ, a ó ṣe ìdánwò ìgò mẹ́fà lábẹ́ igi lóde. Ẹ̀yin tí ẹ gbé omi aró wá, ẹ jọ̀wọ́ ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ bù ú àti irú aró tí ó jẹ́ sí ara ìgò. Àwọn tí kò rántí gbé tiwọn wá lè wo ti ẹlòmíràn. Kí àwọn ọmọdé má ṣe súnmọ́ orí tábìlì náà.